Ọ̀sẹ̀ Tó Gbẹ̀yìn Lórí Agbami: Ìtọ́sọ́nà fún Ará Òṣogbo Tó Fẹ́ Bá Ọkọ̀ Onígbòkun Sọdá Àtìláńtíìkì

Ẹni tó ti rí àyè atukọ̀ nínú ọkọ̀ onígbòkun, tó sì fẹ́ bá wọn sọdá láti Mindelo ní Cape Verde dé Barbados, ni a kọ èyí fún. Ọ̀nà náà tó bíi 2,050 máìlì ojú òkun. Ọkọ̀ tí gígùn rẹ̀ tó mítà 12 sábà máa ń rin 120 sí 150 máìlì láàárín ọ̀sán kan àti òru kan, nítorí náà ọjọ́ 14 sí 17 ni ẹ máa lò lórí omi. Láti oṣù Kejìlá sí oṣù Kẹta ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń sọdá, nítorí pé oṣù Kẹfà títí dé ìparí oṣù Kọkànlá ni àsìkò ìjì líle ní ìhà Caribbean.

Ọ̀sẹ̀ tó gbẹ̀yìn la fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, torí òun ló léwu jù, òun náà ni ọ̀pọ̀ atukọ̀ sì máa ń fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Ní àárín agbami, kò sí òkúta tí ọkọ̀ máa kọlù. Etí ilẹ̀ ni òkúta wà. Ẹ ó sì dé etí ilẹ̀ lásìkò tí okùn ti gbó, tí omi ti fà, tí oorun ti pọ̀ lójú gbogbo yín, tí ọkàn kálukú sì ti sọ̀ kalẹ̀ ṣáájú ẹsẹ̀.

Kí ẹ tó kúrò nílé

Ẹ fi píọ́ wọ́tà kọ́ ara yín. Ọ̀rá kan jẹ́ sẹ̀ǹtílítà 50. Ọ̀rá mẹ́fà ni líta 3, ìyẹn sì ni ìpín ẹnì kan lójúmọ́ fún mímu àti oúnjẹ sísè nínú ọkọ̀ tí kò ní ẹ̀rọ tó ń yọ iyọ̀ kúrò nínú omi òkun. Ẹ ka ọ̀rá mẹ́fà sílẹ̀ láàárọ̀, kí ẹ fi mu, kí ẹ fi se oúnjẹ, kí ẹ fi fọ ẹnu, fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Ìwẹ̀ àti abọ́ fífọ̀ kò sí nínú rẹ̀. Omi òkun ni wọ́n fi ń ṣe ìyẹn. Àsìkò ọyẹ́ ló dára jù láti ṣe é, torí ọyẹ́ àti afẹ́fẹ́ tó máa gbé yín sọdá, ìhà àríwá-ìlà-oòrùn kan náà ni wọ́n ti ń fẹ́ wá. Eruku Sàhárà tó ń bo orí mọ́tò ní Òkè-Fíà lásìkò ọyẹ́ kò yàtọ̀ sí èyí tí ẹ máa rí lára okùn àti ìgbòkun nítòsí Cape Verde.

Oúnjẹ tó máa ń kù nígbà tí ẹ̀fọ́ àti èso bá ti tán ni kí ẹ rà: gààrí, èlùbọ́, ẹ̀wà, ègúsí, ata gbígbẹ tí a lọ̀, kúlíkúlì, epo pupa. Gbogbo rẹ̀ wà ní Ọjà Ọba. Gààrí tó gbẹ tó ń dún ni kí ẹ mú. Ẹ dá a padà sínú agbada lórí iná díẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ sì jẹ́ kó tutù pátápátá kí ẹ tó dé e sínú ike. Bí ẹ bá dé e ní gbígbóná, oru inú rẹ̀ yóò di omi, á sì bu kí ẹ tó dé àárín ọ̀nà. Ẹ sá ẹ̀wà sóòrùn fún ọjọ́ méjì, kí ẹ ṣa á, kí ẹ dà á sínú ike tó ní ìdérí tó le dáadáa, torí kòkòrò inú ẹ̀wà kan ṣoṣo lè ba gbogbo oúnjẹ ọkọ̀ jẹ́. Kóńgò ẹ̀wà kan máa tó èèyàn mẹ́rin bíi ẹ̀ẹ̀mẹta. Páálí kankan kò gbọ́dọ̀ wọ inú ọkọ̀. Ẹyin aáyán máa ń lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ má ra ẹran gbígbẹ púpọ̀: ọ̀pọ̀ erékùṣù ni kì í jẹ́ kí wọ́n gbé ẹran àti èso wọlé, ẹ ó kàn dà á sókun ni.

Ẹ gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú, kí ẹ sì mú yẹ́lò káàdì dání. Ọjọ́ 10 lẹ́yìn tí wọ́n bá gún un ló tó fẹsẹ̀ múlẹ̀, nítorí náà ẹ má fi dìgbà tí ẹ bá ku ọ̀la.

Okùn dídì: ẹ kọ́ bowline (ojóbó tí kì í fún) àti rolling hitch (ìdì tó ń di okùn mìíràn tàbí ọ̀pá mú kó má yọ̀) títí tí ẹ fi lè dì wọ́n nínú òkùnkùn, pẹ̀lú ọwọ́ tútù, kí ẹ má wo ó. Ẹsẹ̀ àga ilé yín tó fún ìdánrawò.

Ìṣọ́ àti aago

Bí ẹ bá jẹ́ mẹ́rin, aago 6 ìrọ̀lẹ́ sí 6 àárọ̀ ni kí ẹ pín sí ìṣọ́ mẹ́rin, wákàtí mẹ́ta-mẹ́ta. Ẹni tó máa gba ìṣọ́ gbọ́dọ̀ wà lójúfò ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá ṣáájú, kó ti wọ ẹ̀wù ìléfòó àti ìgbànú ààbò, kó sì so ìgbànú náà mọ́ okùn tí wọ́n nà sílẹ̀ láti iwájú dé ìdí ọkọ̀ kó tó yọ orí síta. Kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ lọ sí iwájú ọkọ̀ lóru láìjí ẹlòmíràn. Ẹni tó bá ṣubú sómi lóru, tí ọkọ̀ sì ń fi máìlì 6 lọ ní wákàtí kan, á ti jìnnà tó 180 mítà lẹ́yìn ọkọ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan.

Ẹ máa wo yíká gbogbo ojú òkun ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá-mẹ́wàá, ó pẹ́ tán. Ìdí rẹ̀ nìyí: ọkọ̀ ẹrù ńlá máa ń sá tó máìlì 20 ní wákàtí, ẹ̀yin ń lọ ní 6. Bí ẹ bá dojú kọ ara yín, máìlì 26 ni ẹ ń jẹ ní wákàtí kan, nítorí náà iná tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ní máìlì 7 á ti dé ọ̀dọ̀ yín láàárín ìṣẹ́jú 16. AIS, ẹ̀rọ tó ń fi ibi tí ọkọ̀ mìíràn wà hàn, ń ṣèrànwọ́, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ọkọ̀ ló gbé e. Bí Barbados ṣe ń sún mọ́lé, ẹ ó máa pàdé ọkọ̀ apẹja kéékèèké tí kò hàn lórí ẹ̀rọ kankan, tí iná wọn náà kò ju bíńtín lọ.

Mindelo fi wákàtí mẹ́ta ṣáájú Barbados. Ẹ dá aago padà ní wákàtí kan-kan, lọ́sàn-án, ní ọjọ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kó má bàa jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo ni ìṣọ́ rẹ̀ máa gùn sí i lóru. Ìwé ọkọ̀ ní tirẹ̀, UTC, aago àgbáyé tí kì í yí padà, ni kí ẹ máa fi kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ọ̀rọ̀ kan nípa ìbọ̀wọ̀fún. Ọ̀pọ̀ ọ̀gákọ̀ fẹ́ kí ẹ pe àwọn lórúkọ, ó sì máa ń wúwo lẹ́nu ọmọ Yorùbá. Ẹ lè máa pè wọ́n ní "káàbùtẹ́nì" títí dé Barbados, kò burú. Àmọ́ nígbà tí ewu bá dé, kò sí "ẹ jọ̀wọ́ sà" nínú rẹ̀. Bí ọ̀pá ìsàlẹ̀ ìgbòkun bá fẹ́ gbá orí ẹnì kan, ẹ pariwo "Wólẹ̀!" ní èdè tí gbogbo ọkọ̀ gbọ́, ẹ ó kí àgbà tó bá yá.

Àyẹ̀wò àárọ̀

Iṣẹ́ yìí ló gba ọkọ̀ là jù ní ọ̀sẹ̀ tó gbẹ̀yìn. Ẹ ṣe é ní wákàtí kan náà lójoojúmọ́, kété tí ilẹ̀ bá mọ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti iwájú ọkọ̀, ẹ parí rẹ̀ ní ìdí, ẹ má fo ibì kan. Ohun tí ọkọ̀ ti ń mì sọ́tùn-ún sósì fún ọ̀sẹ̀ méjì kì í já lójijì. Ó máa ń kọ́kọ́ fi àmì hàn.

Ẹ wo ilẹ̀ orí ọkọ̀ fún píìnì, òrùka tàbí nọ́ọ̀tì. Bí ẹ bá rí ọ̀kan, ẹ má sọ ọ́ nù: ibì kan lókè ló ti já bọ́, ẹ wá ibẹ̀ kí ẹ tó jẹun àárọ̀. Ẹja tó ń fò tó bá kú sí orí ọkọ̀, ẹ kó o kúrò kí ẹsẹ̀ má bàa yọ̀ lórí rẹ̀ (èyí tó bá ṣì tutù, tó tóbi tó ọwọ́, ẹ dín in).

Ẹ fi awò ọ̀nàjíjìn wo orí òpó. Ibi tí okùn tó fa ìgbòkun sókè ti kọjá lórí róólà ni ó máa ń gbó, torí ojú kan náà ló ń ha lọ́sàn-án àti lóru. Ẹ yí ojú náà padà lójoojúmọ́: ẹ tú okùn sílẹ̀ tàbí kí ẹ fà á sí i, ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 10. Okùn tó gba ẹnu ọ̀pá tó na ìgbòkun iwájú síta náà rí bẹ́ẹ̀. Ẹ fi awọ tàbí gígé páìpù rọ́bà wé e níbi tó ti ń ha. Bákan náà ni ẹ wo okùn tó di ọ̀pá ìsàlẹ̀ ìgbòkun ńlá mú kó má bàa gbá sódì kejì. Okùn yẹn ni kò jẹ́ kí ọ̀pá náà pa ẹnikẹ́ni tí afẹ́fẹ́ bá yí lójijì.

Àwọn wáyà tó gbé òpó dúró: ẹ má fi ọwọ́ lásán yẹ̀ wọ́n wò. Ẹ fi òwú tàbí aṣọ àtijọ́ nu wáyà láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, ní pàtàkì níbi tó ti wọ inú irin. Bí okùn irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan bá ti já, òwú á há sí i lára. Ẹ sọ fún ọ̀gákọ̀ lójú ẹsẹ̀. Wọn á dín ìgbòkun kù, wọn á sì mú okùn kan tí kò sí lẹ́nu iṣẹ́ láti orí òpó wá sí ẹ̀gbẹ́ yẹn, kí ó bá wáyà náà gbé ẹrù. Ọkọ̀ lè bá a lọ bẹ́ẹ̀ dé ilẹ̀. Èyí tí wọn kò rí ló ń wó òpó.

Ẹ wo ẹ̀rọ tó ń tọ́ ọkọ̀ àti okùn tàbí wáyà tó so mọ́ ìtọ́kọ̀. Lẹ́yìn náà ẹ ṣí ìsàlẹ̀ ọkọ̀, kí ẹ fa omi ibẹ̀ jáde, kí ẹ ka iye ìgbà tí ẹ fa pọ́ǹpù, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Bí iye náà bá lọ sókè ju ti àná, ẹ tọ́ omi náà wò ní ìka. Omi dídùn: táńkì yín ló ń jò, ẹ ń pàdánù omi mímu. Omi iyọ̀: òkun ló ń wọlé, ẹ wá ibi tó ti ń wọlé kí ilẹ̀ tó ṣú.

Omi, iná àti ìkòkò

Ní ọ̀sán gangan, ẹ fi ọ̀pá wọn táńkì. Ìṣirò rẹ̀: èèyàn mẹ́rin, líta 3, ọjọ́ 6 tó kù, líta 72 nìyẹn, ẹ fi ìdajì rẹ̀ kún un, líta 108. Bí omi tó wà nílẹ̀ bá kéré sí ìyẹn, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í dín in kù lónìí, kì í ṣe ní ọjọ́ kẹrin. Kẹ́ẹ̀gì líta 20 méjì gbọ́dọ̀ wà ní dídè lọ́tọ̀, tí ẹnikẹ́ni kò ní fọwọ́ kàn títí ìdákọ̀ró fi máa wọ ilẹ̀.

Fún ìrẹsì tàbí iṣu, ẹ fi ife omi òkun kan sí ife omi dídùn mẹ́ta, kí ẹ má fi iyọ̀ mìíràn sí i. Ẹ má ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí ìwọ̀n iyọ̀ inú líta omi òkun kan tó gíráàmù 35, òùngbẹ tó máa fà á gba omi ju èyí tí ẹ rò pé ẹ tọ́jú lọ. Ẹ fọ abọ́ pẹ̀lú omi òkun, kí ẹ fi ife omi dídùn kan ṣan gbogbo rẹ̀. Ẹ wẹ̀ pẹ̀lú omi òkun náà, àmọ́ kí ẹ fi aṣọ tí a rẹ sínú omi dídùn nu ara, pàápàá ìdí àti abẹ́ ìgbànú. Iyọ̀ tó gbẹ sí ara lábẹ́ aṣọ ni ó ń dá egbò sí ìdí atukọ̀.

Ẹ̀bà ló bá ìparí ìrìn mu ju ẹ̀wà lọ: omi gbígbóná lásán ló fẹ́, gáàsì kì í pẹ́ lórí iná. Ẹ̀wà, ìkòkò tó ń fi oru se oúnjẹ ni kí ẹ fi sè é. Lẹ́yìn gbogbo oúnjẹ, ẹ pa gáàsì láti orí sílíńdà. Gáàsì wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ló ń sọ̀ kalẹ̀ sí, iná kékeré láti ara bátìrì sì tó láti fọ́ ọkọ̀.

Ìjì òjijì

Bí ẹ bá ṣe ń sún mọ́ Caribbean, ìjì òjò kéékèèké á máa lé yín bá láti ẹ̀yìn. Lọ́sàn-án ẹ ó rí àwọsánmà dúdú tí òjò so kọ́ sí nísàlẹ̀. Lóru, ibi tí ìràwọ̀ ti pòórá ni. Afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ ní máìlì 18 ní wákàtí lè fò sókè dé 35 láàárín ìṣẹ́jú méjì. Nítorí náà ẹ dín ìgbòkun kù ṣáájú oúnjẹ alẹ́, nígbà tí ẹ ṣì ń rí ara yín, bí ojú ọ̀run bá tilẹ̀ mọ́ kedere. Eré tí ẹ máa pàdánù kò tó ohun tí ó máa ná yín láti jí gbogbo ọkọ̀ ní aago 2 òru kí wọ́n wá máa bá ìgbòkun jà nínú òjò. Omi òjò ìṣẹ́jú díẹ̀ àkọ́kọ́ ti eruku àti iyọ̀ ni. Ẹ jẹ́ kó fọ ìgbòkun tán kí ẹ tó gbé garawa sí i.

Ẹ́ńjìnnì àti bátìrì

Ẹ wọn bátìrì kí oòrùn tó là. Fún bátìrì olómi-ásíìdì, fóòtì 12.7 ni kíkún, 12.2 ti tó ìdajì. Ẹ má jẹ́ kó lọ sísàlẹ̀ ju ìyẹn. Ìgbòkun máa ń ṣíji bo sólà ní ìrọ̀lẹ́ nítorí ìwọ̀-oòrùn lẹ dojú kọ, ẹ má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé e nígbà náà.

Ní ọjọ́ méjì ṣáájú ilẹ̀, ẹ tan ẹ́ńjìnnì fún ìṣẹ́jú 30, kì í ṣe ní etí ibùdókọ̀. Ẹ wo okùn gbogbo lákọ̀ọ́kọ́: èyí tó bá ń wọ́ nínú omi á wé mọ́ abẹ̀bẹ̀ ìdí ọkọ̀. Ẹ fa okùn ìwọ̀ ẹja wọlé pẹ̀lú. Lẹ́yìn tó bá tan, ẹ wo ìdí ọkọ̀: omi gbọ́dọ̀ máa tú jáde pẹ̀lú èéfín. Bí kò bá sí omi, ẹ pa á lójú ẹsẹ̀, ẹ tú asẹ́ omi òkun, ẹ ó rí koríko òkun tí wọ́n ń pè ní sargassum nínú rẹ̀, àbí kí ó jẹ́ pé rọ́bà inú pọ́ǹpù ló ti ya. Ẹ dán iwájú àti ẹ̀yìn wò. Ẹ gbé asẹ́ dísẹ́ẹ̀lì méjì tuntun sí ìtòsí, torí ìdọ̀tí ìsàlẹ̀ táńkì ti rú sókè láti ọ̀sẹ̀ méjì wá, ibi tóóró ẹnu ibùdókọ̀ ni ẹ́ńjìnnì sì máa ń yàn láti kú sí.

Wíwọlé

Ẹ má wọ ibi tí ẹ kò mọ̀ rí lóru. Ẹ ṣe ìṣirò náà láti ọjọ́ méjì ṣáájú, kí ẹ tún un ṣe ní gbogbo ọ̀sán. Ká ní aago 12 ọ̀sán ni, ó ku 210 máìlì dé etí gúúsù Barbados. Ní máìlì 6 ní wákàtí kan, wákàtí 35 ni, aago 11 alẹ́ ọ̀la, nínú òkùnkùn. Ní máìlì 5, wákàtí 42 ni, aago 6 àárọ̀ ọ̀tunla, pẹ̀lú ojúmọ́. Nítorí náà ẹ dín ìgbòkun kù lónìí. Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé wọ́n á fẹ́ sáré kí wọ́n lè dé kí ilẹ̀ tó ṣú, afẹ́fẹ́ á rọ̀, wọ́n á sì bá ara wọn ní aago 9 alẹ́ nítòsí òkúta. Ẹ kọ iye máìlì tó kù sára pátákó lójoojúmọ́ kí ẹnikẹ́ni má bàa máa bi ọ̀gákọ̀ pé "ó ku mélòó?", ìbéèrè yẹn nìkan ti dá ìjà sílẹ̀ rí nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀.

Barbados kò ga, òkè rẹ̀ tó ga jù kò ju nǹkan bíi mítà 340 lọ, eruku sì máa ń bò ó. Ìmọ́lẹ̀ iná ìlú lójú ọ̀run lóru lẹ máa kọ́kọ́ rí. Cobblers Reef, òkúta abẹ́ omi, wà ní etí gúúsù-ìlà-oòrùn, ìgbì Àtìláńtíìkì sì ń fọ́ lórí rẹ̀. Ẹ jìnnà sí etí yẹn tó máìlì 3 títí ẹ ó fi kọjá South Point, kí ẹ tó yí sí Carlisle Bay ní Bridgetown. Àmì ojú omi tún yàtọ̀: ní Nàìjíríà àti Cape Verde, ọkọ̀ tó ń wọlé máa ń fi àmì pupa sí ọwọ́ òsì. Ní Caribbean, ọwọ́ ọ̀tún ni pupa ń wà. Ẹ kọ ọ́ sára ìwé, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi ìtọ́kọ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, tí òkun ṣì rọlẹ̀, ẹ gbé ìdákọ̀ró jáde. Wọ́n ti tú u sílẹ̀ tàbí dè é mọ́lẹ̀ láti Mindelo. Ẹ so ó padà mọ́ ṣéènì, ẹ fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ dí píìnì rẹ̀ kó má bàa tú, ẹ yọ aṣọ tí wọ́n fi dí ihò ṣéènì, kí ẹ sì dán ẹ̀rọ tó ń fà á wò. Ẹ gbé àsíá ofeefee, Q, tó ń sọ pé ọkọ̀ kò tíì gba àyẹ̀wò ìwọlé, sókè ní máìlì 12 sí ilẹ̀. Ẹ pe Bridgetown lórí rédíò VHF, ìkànnì 16, kí ẹ ṣe ohun tí wọ́n bá sọ nípa ibi tí ẹ máa dúró sí fún àyẹ̀wò.

Fóònù ni ọ̀tá ìparí. Ní kété tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá yọ, gbogbo orí á tẹ̀ mọ́lẹ̀, lásìkò tí ojú yẹ kó wà lórí omi. Ẹ kó gbogbo rẹ̀ sínú àpótí kan títí ìdákọ̀ró fi máa mú ilẹ̀. Ẹ rántí pé Òṣogbo fi wákàtí márùn-ún ṣáájú yín: aago 7 alẹ́ ní Barbados, ọ̀gànjọ́ òru ni nílé, ìyá yín á rò pé ọ̀rọ̀ burúkú lẹ pè láti sọ.

Ṣéènì: ẹ fi gíga iwájú ọkọ̀ kún jíjìn omi, kí ẹ fi 5 lù ú. Omi mítà 6, iwájú ọkọ̀ mítà 1, mítà 35 ni ẹ máa tú sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ fi ẹ́ńjìnnì wọ́ ẹ̀yìn díẹ̀díẹ̀ títí ó fi máa di ilẹ̀ mú. Ọ̀gákọ̀ nìkan ló ń bọ́ sí ilẹ̀ pẹ̀lú ìwé gbogbo yín. Ẹnikẹ́ni mìíràn kò gbọ́dọ̀ kúrò nínú ọkọ̀ títí wọ́n fi máa fọwọ́ sí i, ìgbà náà ni àsíá ofeefee máa wálẹ̀ tí ti Barbados máa gòkè. Oorun tó máa kọlù yín lẹ́yìn náà kì í ṣe kékeré, ìdákọ̀ró sì lè ṣì máa wọ́. Nítorí náà ẹ yan ẹnì kan tí kò ní sùn fún wákàtí méjì àkọ́kọ́, kó mú igi kan àti ilé kan tó tò léra wọn lórí ilẹ̀, kó máa wò wọ́n: bí wọ́n bá kúrò lórí ìlà tí wọn kò sì padà, kó jí ọ̀gákọ̀.